Ohun tó ń jẹ owó sikọ́láṣíìpù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo wíìṣíà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ owó sikọ́láṣíìpù lọ́wọ́ àwa tí ẹsẹ̀ wa ò gbé wa bó ṣe yẹ, kó fi owó ilé-ìwé sílẹ̀ ná, kó wo ọ̀nà tó wà láàárín họ́sítẹ́ẹ̀lì àti kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 15 ni sáà ẹ̀kọ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ láàárọ̀, tó ń wálé lọ́sàn-án, tó tún padà lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń wọkọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìrìn 300 nìyẹn. Bí a bá fi 200 náírà ṣe àpẹẹrẹ owó ọkọ̀ ẹnì kan, 60,000 náírà ni. Ṣùgbọ́n wíìṣíà kì í bá èrò jókòó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Gbogbo ẹ̀yìn ló máa gbà, awakọ̀ á sì ní kí ẹ san owó ẹni mẹ́ta, kò sì ṣẹ̀ yín, torí èèyàn ni ì bá gbé síbẹ̀. Ó di 180,000 náírà fún sáà kan, 360,000 fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù abẹ́lé ni gbogbo owó ọdún rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àbúrò tó ń múra àtiwọ yunifásítì pé kí wọ́n ya ìnáwó sí ọ̀nà méjì lórí ìwé. Èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ná wà lápá kan: owó ilé-ìwé, ìwé kíkà, oúnjẹ, dátà. Èyí tí ara nìkan dá sílẹ̀ wà lápá kejì: ọkọ̀ sí ibi tí ẹlòmíì ń fẹsẹ̀ rìn dé, táyà, rọ́bà ìdí ọ̀pá, fóòmù ìjókòó, oògùn, ẹni tó ń báni pọn omi. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń fún yín lówó á rò pé ẹ ò mọ owó ná. Bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe ṣírò wọn síwájú iye kọ̀ọ̀kan, ó ṣòro kó bá yín jà lórí ìṣirò.

Ìnáwó apá kejì yìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá yàn ló ń pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó. Kí ẹ tó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tó lójú àkíyèsí, kó mú tépù télọ̀ dání. Wíìṣíà ọsibítù tó wọ́pọ̀, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ọwọ́ tó ń yí i náà nílò àyè. Ẹnu ọ̀nà tí kò bá tó 80 á máa bó yín lẹ́yìn ọwọ́. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì kì í sábà ṣe wàhálà. Ilé ìtọ̀ àti balùwẹ̀ ni wàhálà, torí ilẹ̀kùn tóóró tí kò ju 60 tàbí 70 lọ ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀, wọ́n á tún mọ pèpéle kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà kí omi má bàa ṣàn jáde.

Ẹ má jẹ́ kí rámpù tan yín. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ni 1 sí 12: bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, rámpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 180. Ilé tó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ níwájú ga ní 45, mítà márùn-ún àti ogójì sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kí rámpù rẹ̀ gùn. Ẹ wo èyí tí bíríkìlà dà síbẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ju mítà kan ààbọ̀ lọ, torí àyè tó ṣẹ́ kù kí wọ́n tó dé gọ́tà nìyẹn. Ẹni tó bá dá yí táyà gun irú rẹ̀, iwájú wíìṣíà á gbéra nílẹ̀, á sì dà sẹ́yìn. Ẹni tó ń tì í náà kò ní lè dá a dúró bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú tèmi, àtẹ̀gùn mẹ́ta tí èèyàn méjì máa gbé yín gun sàn ju rámpù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Yunifásítì Èkó ní Akọka tẹ́jú, Ifẹ̀ wà láàárín òkè, ọ̀nà rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀, Ìbàdàn sì wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí wíìṣíà gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa ju orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í sábà mọ̀: ọdún àkọ́kọ́ ló le jù. Akẹ́kọ̀ọ́ 100 level kì í jókòó sí ẹ̀ka tirẹ̀. Ó ń sáré láti fákọ́tì kan sí òmíràn, ó sì ń ṣe GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe, nínú gbọ̀ngán ńlá tó jìnnà. Tó bá di 300 level, ọ̀pọ̀ kíláàsì ti wà nínú ilé kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ tọ akọ̀wé ẹ̀ka lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún taìmùtébù 100 level ti ọdún tó kọjá, kí ẹ sì wo gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àjà wo ló wà, àtẹ̀gùn mélòó, ẹ̀rọ agbéniròkè wà àbí kò sí, tó bá wà, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà fún un bí NEPA bá mú iná lọ. Ìṣirò owó ọkọ̀ ọdún àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ti ọdún kẹta. Ẹ má kọ iye kan náà sí gbogbo ọdún.

Ní ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, èmi ò sí lára àwọn tó máa ń ní kí àkàndá ẹ̀dá lọ kọ́ òfin tàbí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní túláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Tábìlì làbọ́ kẹ́mísìrì sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. Ìjókòó wíìṣíà ò ju nǹkan bí 50 lọ. Ojú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ súnmọ́ etí tábìlì, ásíìdì tó bá dà lórí tábìlì, orí ẹsẹ̀ àti àyà rẹ̀ ló ń bọ̀. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni tábìlì kan péré tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, tí àyè orúnkún tó nǹkan bí 70 wà lábẹ́ rẹ̀. Káfíńtà lè kàn án láàárín ọjọ́ kan, ó sì yẹ kó wà nínú ìwé tí ẹ máa kọ sí olórí ẹ̀ka. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní ìrìn inú igbó. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà nílé iṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtẹ̀gùn irin nìkan ló ní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi SIWES tiyín ní sáà kan ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, òfin wà lẹ́yìn yín níbẹ̀. Òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ibùgbé, àkàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Ó sọ pé lórí ìlà, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún àtẹ̀gùn àti ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní oṣù kìíní 2024. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ látọdún 2011, LASODA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá, ló sì ń bójú tó o níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń pín bẹ́ẹ̀dì ò mọ òfin. Bí ojú òpó bá ti ṣí, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ń mú, ó sì lè fi yín sí àjà kẹta. Kí ó tó ṣí ni kí ẹ kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ nǹkan mẹ́ta pàtó: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, yàrá tó súnmọ́ balùwẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ fákọ́tì yín, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé wọn lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni tí kò kọ̀wé rárá ni, torí ẹni tó gbà á lónìí lè ti kúrò ní ọ́fíìsì yẹn lọ́la. Ẹ tọ́ka sí òfin náà ní gbólóhùn kan péré, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá fi òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, ẹjọ́ ni wọ́n máa kà á sí, wọ́n á sì tì í sí àwọn lọ́yà ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ló sì máa sùn.

Bí yàrá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bá ti bọ́ sọ́wọ́, omi ló kàn. Ẹni tó ń lo ọ̀pá méjì ò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti níṣẹ́. Kò lè di agboòrùn mú nínú òjò, kò sì lè gbé abọ́ oúnjẹ kúrò lọ́dọ̀ olóúnjẹ. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹ̀rọ ní ìdí, àga ike tó lẹ́sẹ̀ tó dúró dáadáa fún balùwẹ̀, báàgì ẹ̀yìn àti ẹ̀wù òjò tó bo orí dé orúnkún, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìnáwó apá kejì. Ọ̀pọ̀ lára wa máa ń yan àtimá mu omi kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n wá níbi tí kò sí ilé ìtọ̀ tó ṣeé wọ̀. Àìsàn ìtọ̀ ni ìyẹn ń dá sílẹ̀, àgàgà fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Ilé ìtọ̀ tó ṣeé wọ̀ lẹ́bàá kíláàsì ni ká wá, ká bèèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìgò ìtọ̀ àti ike omi kékeré nínú báàgì sì wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá tì í.

Olùrànlọ́wọ́ ńkọ́? Inú rere ọ̀rẹ́ dára, àmọ́ kì í pé títí dé ọ̀sẹ̀ ìdánwò, torí òun náà ní ìdánwò tirẹ̀. Èmi fara mọ́ kí ẹ máa fún ẹnì kan ní iye kan lóṣù, bó ti wù kó kéré mọ, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: omi láàárọ̀, títì dé kíláàsì agogo mẹ́jọ, aṣọ fífọ̀ ní Sátidé. Bó bá máa sùn sí yàrá yín, ẹ gbàṣẹ fún un lórí ìwé. Ojú onísúkọ̀tà ni pọ́tà máa fi wò ó, wọ́n sì máa ń lé wọn ní òru láìsọ tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, wíìṣíà fúnra rẹ̀. Ibí yìí lówó ti máa ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ wíìṣíà táyà ẹ̀yìn íǹṣì 24 ló ní. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́, ẹ máa bèèrè táyà 24, wọ́n á fún yín ní ti kẹ̀kẹ́ ológeere ọmọdé, kò sì ní wọ̀ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 37-540. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń parí sí 507. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni fífẹ̀ rìǹmù ní mìlímítà, ohun tó sì wà láàárín 507 àti 540 ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Kò sí fọganáísà tó lè fà á wọlé. Ẹ ra méjì pa mọ́ pẹ̀lú tíúbù wọn nígbà tí owó bá kọ́kọ́ dé, torí kì í ṣe gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń tà á. Táyà tí kò ní tíúbù, tí rọ́bà kún inú rẹ̀, kì í jò, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń fi gbogbo òkúta ọ̀nà jẹ ẹ̀yìn ẹni tó jókòó.

Táyà kékeré iwájú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ íǹṣì 8. Ti 5 tàbí 6 máa ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì máa ń há sáàárín irin tí wọ́n fi bo gọ́tà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í le yí, ẹ má tíì lọ ra òmíràn. Ẹ dojú wíìṣíà délẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ áàsù táyà náà. Ẹ máa rí irun àti òwú tó ti lọ́ mọ́ ọn, tó ti le bí okùn. Ẹ fi bíléèdì gé e, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Bó bá ṣì ń dún gọ̀ọ̀rọ̀gọ̀ọ̀rọ̀, bíárìn inú rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ wíìṣíà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 608, ihò mìlímítà 8, fífẹ̀ ìta 22, irú èyí tó wà nínú bàtà onítáyà tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀, kò sì wọ́n. Ẹ má ṣe da girísì tuntun sórí iyanrìn, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sí i. Síbánà 10 àti 13, sukudíráfà, pọ́ńpù kékeré àti páàṣì ni gbogbo ohun tí àpò irinṣẹ́ yín nílò.

Wíìṣíà oníná dára bí ẹ bá wà níbi tí iná wà. Bátìrì méjì oní 12 fólítì ló máa ń gbé e, ó ń fẹ́ iná ní gbogbo òru, òjò kì í bá a ṣọ̀rẹ́, ó sì wúwo débi pé èèyàn mẹ́rin ò lè gbé e gun àtẹ̀gùn kan láìbẹ̀rù. Bí àjọ kan bá fẹ́ ra tirẹ̀ fún yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ra èyí tí a ń fọwọ́ yí tó fúyẹ́, kí wọ́n sì fi owó tó kù sí táyà àti ọkọ̀.

Títí tí àtẹ̀gùn fi máa tán láyé, wọ́n á ṣì máa gbé wa. Ẹ kọ́ àwọn tó ń gbé yín. Ẹnì kan wà lẹ́yìn, ó di ìmú ẹ̀yìn mú. Ẹnì kejì wà níwájú, ó di férémù mú nísàlẹ̀ ìjókòó. Kó má ṣe di ibi ìgbápálé mú, kó má sì di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé mú, torí méjèèjì ń yọ, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á bọ́ sí nígbà tí ẹ bá wà lókè. Wọ́n á tẹ wíìṣíà sẹ́yìn lórí táyà ńlá, wọ́n á tú bíréèkì. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ̀yìn yín ló ń ṣíwájú. Bí ẹ bá ń sọ̀, iwájú yín ló ń ṣíwájú. Ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ ni ojú yín ń wò nígbà gbogbo. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń kà: “ọ̀kan, méjì, ó yá,” àtẹ̀gùn kan fún ìkà kan.

Fún àwọn tó ń lo ọ̀pá abíyá, àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín orí ọ̀pá àti abíyá, kí ìmú rẹ̀ sì bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba bí apá bá rọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ló ń ru ara. Ẹni tó bá ń fi abíyá rọ̀ mọ́ ọn, iṣan inú abíyá ló ń tẹ̀, láìpẹ́ ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì ní lè di bírò mú nínú ìdánwò. Ẹ yẹ rọ́bà ìdí ọ̀pá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ilà inú rẹ̀ bá ti parẹ́, ó ti di ọṣẹ lórí tẹ̀rásò tí òjò ti fọ́n sí. Ẹ ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí kò mọ nǹkan lára láti ìbàdí wálẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fóòmù líle tó nípọn ní íǹṣì 4 jókòó, kó sì máa fọwọ́ gbé ìdí sókè láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, lẹ́kíṣọ̀ ì báà máa lọ. Ẹ tẹ fóòmù náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́: bí ẹ bá ti ń gbúròó ìjókòó lábẹ́ rẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Lálẹ́, ẹ fi dígí wo ìdí àti gìgísẹ̀. Ojú tó pọ́n tàbí tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má jókòó lé e mọ́ títí á fi lọ. Egbò tó bá ṣí níbẹ̀ lè gba gbogbo sáà lọ́wọ́ yín, kò sì sí olùfúnni ní sikọ́láṣíìpù tó máa dá ọdún padà.

Ibi tí owó ti ń wá ò pọ̀, ó sì fọ́n káàkiri. Ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti àwọn ilé iṣẹ́ epo, báńkì àti tẹlifóònù wà. Èyí tí MTN Foundation yà sọ́tọ̀, ti àwọn afọ́jú ni. Ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń dà á láàmú á bá gbogbo ayé díje. Ìwé tí gbogbo wọn máa bèèrè kò yàtọ̀ púpọ̀: lẹ́tà ìgbàwọlé JAMB àti ti ilé-ẹ̀kọ́, èsì WAEC tàbí NECO, èsì sáà tó kọjá, ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, NIN, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín gan-an. Orúkọ tó bá yàtọ̀ lórí NIN àti lórí àkáǹtì, ì báà jẹ́ lẹ́tà kan péré, ló ń dá owó ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹ tún un ṣe kí fọ́ọ̀mù tó jáde.

Lẹ́tà dókítà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà á kọ pé “rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ṣe é,” á bu ọwọ́ lù ú. Orúkọ àìsàn nìyẹn, kò sọ ohun tó ń náni lówó. Ẹ fi ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi sínú lẹ́tà. Irú èyí: “Ó lè fi ọ̀pá rìn tó mítà 50 kó tó sinmi. Kò lè gun ju àtẹ̀gùn mẹ́rin lọ. Kò lè gbé ẹrù bó bá ń rìn. Ìwé kíkọ kò ṣòro fún un.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wúlò. Ẹni tó bá sọ ohun tó lè ṣe, wọ́n máa ń gbà á gbọ́ lórí ohun tí kò lè ṣe.

Owó máa ń pẹ́. Sikọ́láṣíìpù abẹ́lé sábà máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà míì sáà àkọ́kọ́ á ti parí. Ọkọ̀ ò sì ní dúró dè é. Ohun tó lè dí àlàfo yẹn báyìí ni ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin rẹ̀ jáde lóṣù kẹrin 2024: ó ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún ẹni tó bá bèèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún àtijẹ. Kò sí èlé, kò sì sí onídùúró. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù. Gbèsè ni ṣá o. Ẹ ka fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù yín dáadáa kó tó di pé ẹ gba méjì pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń kọ ẹni tó bá ti ń gba ti ibòmíràn. Ẹ tún rántí ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lo oṣù mẹ́jọ nílé, láti oṣù kejì sí ìkẹwàá. Ìgbà ẹ̀kọ́ ni sikọ́láṣíìpù ń kà, kì í ka oṣù, àmọ́ onílé tó wà níta ọgbà ń ka oṣù. Iye owó ilé oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn.

Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ onílùú ní England, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. DSA, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, wà níbẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ó lè tó £26,948. Kì í wo owó tí òbí ń gbà, wọn kì í sì í dá a padà. Ó ń san àlékún owó ọkọ̀, ẹ̀rọ àti olùrànlọ́wọ́, àyàfi £200 àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa san fúnra rẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 14 kí gbogbo rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má dúró di oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ kò ní ẹ̀tọ́ sí DSA. Ṣùgbọ́n òfin ìdọ́gba 2010 de yunifásítì fún òun náà: yàrá tó ṣeé gbé, kíláàsì tó ṣeé wọ̀, àlékún àkókò ìdánwò. Kó bèèrè kó tó san owó àsansílẹ̀ ìgbàwọlé.

Ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù ló ń wo CGPA, ìpíndọ́gba máàkì gbogbo sáà, lọ́dọọdún. Ohun tó ń fà á wálẹ̀ fún wa kì í sábà ṣe orí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní òfin pé ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò ní jókòó ìdánwò, kíláàsì tó sì wà ní àjà kẹta kì í ṣeé wá lọ́jọ́ tí àwọn agbéni bá ti lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá ti pé, tí ẹ ti rí yàrá tí ò ṣeé dé, ẹ kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka kí wọ́n gbé kíláàsì náà wá sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí taìmùtébù ìdánwò tó jáde, ẹ kọ òmíràn nítorí gbọ̀ngán ìdánwò. Bó bá ṣì jẹ́ òkè ni wọ́n kọ orúkọ yín sí, tí olùṣọ́ ìdánwò sì mú yín wá sí yàrá ìsàlẹ̀, ẹ rí i pé orúkọ yín wà lórí ìwé ìwọlé yàrá tí ẹ ti kọ ọ́ gan-an, kí ẹ bu ọwọ́ lù ú níbẹ̀, kí olùṣọ́ náà sì kọ ọ́ sórí àpòòwé pé ìwé ìdáhùn kan wá láti yàrá míì. Ìwé ìdáhùn tó bá wà lóun nìkan láìsí nínú àkọsílẹ̀ ló máa ń sọnù, èsì rẹ̀ á wà lófo fún odindi ọdún, fọ́ọ̀mù ìsọdọ̀tun sikọ́láṣíìpù ò sì ní àyè fún èsì tó ṣófo.